Afòpiná kò wá pa iná

Orúkọ tí a sọ afòpiná ti dá a lẹ́bi kó tó débẹ̀: ohun tó fò wá pa iná. Òwe náà ò sì dá a sí, afòpiná tó lóun fẹ́ pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe gbà á láti kékeré, àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò dá, tí mo gbé fìtílà gáàsì bàbá mi sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo na aṣọ funfun sórí okùn lẹ́yìn rẹ̀, mo sì jókòó tì í. Èsúnsún ló kọ́kọ́ ya dé. Nígbà tí afòpiná wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé, mi ò rí èyí tó dojú kọ iná tààrà. Ṣe ni wọ́n ń yí i po, bí ẹni tí ọ̀nà dàrú mọ́ lójú.

Ẹni tó bá mọ òde àríyá ayé àtijọ́ á rántí bí fìtílà yìí ṣe ń dún, ṣíìì, títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Epo kẹrosíìnì ló wà nídìí rẹ̀. Tá a bá ti fi pọ́ǹpù rọ afẹ́fẹ́ sí i, afẹ́fẹ́ á ti epo gba inú páìpù gbígbóná, epo á di oru, oru náà ni yóò máa jó nínú àpò òwú kékeré tí wọ́n ń pè ní mántùlù. Òwú yẹn fúnra rẹ̀ á jóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó ṣẹ́kù dà bí eérú, ìka lásán lè fọ́ ọ, àmọ́ òun ló ń tàn yòò tó bá gbóná. Carl Auer von Welsbach, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà, ló gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1885. Àwọn ará Jámánì ló ṣe Petromax, èyí tí wọ́n kọ 500 CP sí lára, ìyẹn ni pé kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti àbẹ́là bí 500.

Kí ló wá mú afòpiná níbẹ̀? Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ kan gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú Nature Communications. Wọ́n ti fi kámẹ́rà tó yára gan-an ya àwọn kòkòrò tó ń fò yí iná ká. Ẹ̀yìn ni àwọn kòkòrò náà ń kọ sí iná! Mo ń pè é ní ìkẹ̀yìnsímọ́lẹ̀. Lóru, ojú ọ̀run máa ń mọ́ ju ilẹ̀ lọ. Kòkòrò tó bá ti kẹ̀yìn sí ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ó mọ̀ pé òun ò dorí kodò. Ọgbọ́n yìí ti wà kó tó di pé ẹnikẹ́ni tan àtùpà. Ìgbà tí a gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló dàrú: ó fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kọ sí i, ìtẹ̀sí yẹn sì ń fà á yípo. Tó bá gba òkè iná kọjá, á dojú ẹ̀yìn délẹ̀, á sì já bọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ náà na aṣọ funfun sókè orí àwọn kòkòrò tí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i, tààrà ni àwọn kòkòrò fò kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ní Yúróòpù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni wọ́n máa ń fi iná àti aṣọ funfun wo afòpiná báyìí. Lọ́dọ̀ tiwa, alẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí kò sí òṣùpá, tí atẹ́gùn ò sì fẹ́, kò sí èyí tó dára tó o. Ẹ gbé fìtílà jìnnà sí aṣọ dáadáa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bẹntiróòlù kan kẹrosíìnì, ó ń bú gbàù. Tí mántùlù àtijọ́ bá fọ́, ẹ má fa eruku rẹ̀ símú, torí tóríọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ ń tú ìtànṣán tí kò dára fún ara.

Ẹ wo àwọn tó bà sórí aṣọ náà dáadáa. Irú afòpiná kan ló ń hun ìtẹ́ tí a ti ń rí òwú sányán. Àwọn tí ara wọn sanra, tí ìyẹ́ wọn gùn ṣóńṣó, ló ń fa oje òdòdó ìbẹ́pẹ lóru. Ọ̀kan nínú wọn bà sí etí aṣọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tú afẹ́fẹ́ fìtílà, mántùlù pọ́n díẹ̀, ó kú. Nínú òkùnkùn mo gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n ìyẹ́ rẹ̀ rìrì, bí wọ́n ṣe máa ń mú ara gbóná kí wọ́n tó fò, lẹ́yìn náà ló gba orí odi lọ, ó kọjú sí apá odò.