Ibi tí Ebola ń fi ṣe ibùba

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé ara ẹni tó kó Ebola ti yá. Tí wọn ò bá rí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀ mọ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Òótọ́ ni pé ara rẹ̀ ti yá. Àmọ́ àwọn ibì kan wà lára tí ẹ̀jẹ̀ kì í ròyìn wọn.

Àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà kì í jà kí ilé má bàjẹ́: ibi tí wọ́n bá ti jà á wú, á sì pọ́n. Ẹsẹ̀ lè fara da ìyẹn. Ojú ò lè fara dà á, torí ìwúlé díẹ̀ lè fọ́ ọ. Ara wá mọ odi yí ojú, ọpọlọ àti kórópọ̀n ká, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun náà máa wọbẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Kíkẹ́ tí à ń kẹ́ ọmọ bí ẹyinjú, ara ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Fáírọ́ọ̀sì tó bá sì ti yọ́ wọlé kí ogun tó parí, ó ti ríbi jókòó sí nìyẹn.

Dókítà Ian Crozier, ará Amẹ́ríkà, kó Ebola ní Sierra Leone lọ́dún 2014. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Atlanta, ó yá. Kí ọdún náà tó parí, ojú òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ nínú ẹyinjú: fáírọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omijé ojú kan náà ò ní ẹyọ kan. Ojú tó jẹ́ búlúù di gíríìnì. Nígbà tó yá ló tó padà ríran. Ti Pauline Cafferkey, nọ́ọ̀sì ará Scotland, ọpọlọ ló ti yọjú lóṣù kẹwàá ọdún 2015, lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́sàn-án tó ti kúrò ní ọsibítù.

Ti Guinea ló yani lẹ́nu jù. Nígbà tí Ebola tún bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2021, àwọn onímọ̀ ka àyípadà tó ti bá fáírọ́ọ̀sì náà. Ká ní ó ti ń ran láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíì láti 2014, àyípadà náà ì bá ju 100 lọ. Bíi 12 ni wọ́n rí. Ara ẹnìkan tó la Ebola ti àkọ́kọ́ já ni fáírọ́ọ̀sì náà ti ń sùn.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ àtọ̀ ọkùnrin tó là á já wò báyìí, tí wọ́n sì ń ní kó máa lo kọ́ńdọ̀mù títí àyẹ̀wò méjì yóò fi fi hàn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bíbọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tàbí bíbá a jẹun ò léwu.