Bí wọ́n ṣe ń kọ́ olùkọ́ ọ̀la láti fi ìwé ọ̀dọ́langba kọ́ni

Ìwé ìtàn tí wọ́n kọ fún ọ̀dọ́langba, àwọn ọmọ bí ọdún 12 sí 18, kì í le láti kà. Fífi kọ́ni ló le. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ti jókòó sí kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan náà ló sì ń rí níbẹ̀: olùkọ́ á béèrè pé ta ni olú ẹ̀dá ìtàn, ọmọ kan á nawọ́, á dáhùn, ó parí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gba àṣà yìí lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni yóò gbé wọ kíláàsì tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ náà fi máa ń ti orí ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀. Wọn á kó ìwé rẹpẹtẹ fún un: ìtàn ilé àti iléèwé, ìtàn ayé àtijọ́, ìtàn tí wọ́n fi ewì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìtàn aláwòrán. Bó ṣe ń kà á, yóò máa ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe òun fúnra rẹ̀: ibi tó ti rẹ́rìn-ín, ibi tí inú ti bí i, ojú ìwé tó ti fẹ́ pa á dé. Kò sí máàkì níbẹ̀. (Àwọn tó mọ ìdánwò ṣe dáadáa ni èyí máa ń nira fún jù, wọ́n ti gbàgbé bí èèyàn ṣe ń kàwé láìwá ìdáhùn.)

Ọ̀rọ̀ Louise Rosenblatt ló wà nídìí èyí. Láti ọdún 1938 ni onímọ̀ ará Amẹ́ríkà yìí ti ń sọ pé ìpàdé òǹkàwé àti ọ̀rọ̀ inú ìwé ló ń bí ìtumọ̀. Ìtumọ̀ kì í ṣe owó tí òǹkọ̀wé bò mọ́lẹ̀, kí olùkọ́ wá máa tọ́ka ibi tí wọn yóò gbẹ́. Nígbà tó yá, ó ya kíkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tó ń ka ìwé ìlò ẹ̀rọ ń wá ohun tí yóò mú lọ, ẹni tó ń ka ìtàn ń gbé inú rẹ̀. Ìbéèrè "ta ni olú ẹ̀dá ìtàn" nìkan ń sọ ìtàn di ìwé ìlò ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà ló kan yíyan ìwé. Ní ọdún 1990, Rudine Sims Bishop, onímọ̀ ìwé ọmọdé ará Amẹ́ríkà, fi ìwé wé dígí, fèrèsé àti ilẹ̀kùn onígíláàsì: ọmọ á rí ara rẹ̀ nínú ọ̀kan, á yọjú wo ayé ẹlòmíì nínú òmíràn, ó tilẹ̀ lè wọlé síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ á to ìwé tó yàn sórí tábìlì, á sì bi ara rẹ̀ pé: ọmọ wo ni kò ní dígí kankan níbí? Ó tún gbọ́dọ̀ kọ ojú ìwé kan fún òbí lórí ìwé kọ̀ọ̀kan: ìdí tó fi yàn án, ọjọ́ orí tó bá mu, ọ̀rọ̀ líle tó wà nínú rẹ̀, àti ìwé tí ọmọ lè fi rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í dùn ún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró dìgbà tí òbí fi ìbínú wọ ọ́fíìsì ọ̀gá kó tó kọ ọ́ ti pẹ́ jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn ni ìdánrawò ìkọ́ni kékeré, ọgbọ́n tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960. Ọmọ mélòó kan, bí ìṣẹ́jú 10, kámẹ́rà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ béèrè pé, "Kí ló dé tí ọmọkùnrin yẹn fi parọ́ fún ìyá rẹ̀?" Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n jọ wo fídíò náà. Mary Budd Rowe, tó wọn èyí nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì, rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Bó bá dúró tó 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á sì lanu.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ náà tún un ṣe, ó panu mọ́, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní, "Kò parọ́. Ìyá rẹ̀ ni kò béèrè dáadáa." Olùkọ́ lè yìn ín kó sì kọjá lọ, àṣìṣe ńlá sì nìyẹn: bó ti wù kí èrò ọmọ dùn tó, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ padà sí. "Ibo lo ti rí i?" Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wá ojú ìwé.