Ibi tí view àti index ti ṣẹ̀ wá

Ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ dátà nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí sábà máa ń rò pé ọmọ ìyá kan ni view (ìbéèrè tí a sọ lórúkọ, tí a ń lò bí tábìlì) àti index (atọ́ka tí ń jẹ́ kí a tètè rí ohun tí a ń wá nínú tábìlì), nítorí pé àṣẹ CREATE kan náà ni a fi ń dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú SQL, èdè tí a fi ń béèrè dátà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá kan náà kọ́ ni ó bí wọn.

Index ni ẹ̀gbọ́n. Kí SQL tó dé ni wọ́n ti ń lò ó, nítorí pé kíka dátà láti orí dísìkì máa ń falẹ̀. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù nínú wọn lónìí, B-tree (index tí a tò bí igi ẹlẹ́ka), jẹ́ iṣẹ́ Rudolf Bayer àti Edward McCreight ní ibi ìwádìí Boeing, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Àpilẹ̀kọ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ní 1972. (Wọn kò ṣàlàyé ohun tí B náà dúró fún.)

Ní 1970, Edgar F. Codd ti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní San Jose kọ àpilẹ̀kọ tí SQL dúró lé. Ohun tí ó bí i nínú ni pé, nínú àwọn ètò ìgbà náà, bí a bá yọ index kan kúrò, iṣẹ́ ẹni tí ó gbójú lé e lè dàrú. Èrò rẹ̀ ni pé kí index máa wá, kí ó sì máa lọ, kí ìdáhùn má yí padà.

View ní tirẹ̀ ti inú èrò Codd jáde: bí ìdáhùn ìbéèrè bá jẹ́ tábìlì, a lè sọ ìbéèrè náà lórúkọ, kí a sì máa lò ó bí tábìlì. Àwọn tí ó kọ́ System R, ètò dátà ìwádìí kan, ní IBM ni wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi ń pààlà ohun tí oníkálukú lè rí.

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan ní Ifẹ̀ kọ orúkọ, àdúgbò àti gbèsè sínú tábìlì kan. View lè fi àwọn ará Mọ̀ọ̀rẹ̀ nìkan han akọ̀wé wọn, láìfi gbèsè ẹnikẹ́ni hàn án. View lásán kò tọ́jú orúkọ kankan, ìbéèrè ni ó tọ́jú, tí a ó tún béèrè nígbàkígbà tí a bá lò ó. Index orí orúkọ kò bo ohunkóhun, kò sì ṣí ohunkóhun. Ó ń gba ààyè lórí dísìkì, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tí ó bá wọlé ni a ó kọ sínú òun náà, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí a ka gbogbo orúkọ kí a tó rí Adéyẹmí.

Nígbà tí ANSI, àjọ òdiwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí òdiwọ̀n SQL ní 1986, CREATE VIEW wà nínú rẹ̀. CREATE INDEX kò sí níbẹ̀, kò sì tíì wọ ibẹ̀ títí di òní. Oníkálukú ilé-iṣẹ́ ni ó ń ṣe tirẹ̀. Lójú tèmi, ìlànà Codd ni èyí ṣì ń tẹ̀ lé.