Láti orí kúérì dé ilé ẹjọ́: ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n parọ́ mọ́

Bí wọ́n bá parọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ kan ní Iléṣà tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, kúérì ló sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìwé náà kì í gùn. Á ní kó ṣàlàyé láàárín wákàtí 24 tàbí 48 ìdí tí àwọn aláṣẹ kò fi ní í bá a wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn sí kúérì yẹn ni adájọ́ yóò gbé síwájú tí yóò máa kà lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ohun tí kò bá sì sí nínú rẹ̀ á ṣòroó mú wọlé nígbà náà.

Ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn ẹni gan-an ni ewu àkọ́kọ́ ti sábà máa ń wá. Obìnrin kan mú kúérì délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá, pásítọ̀ tàbí ààfáà ní kó kọ lẹ́tà àforíjì kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, torí ẹ̀bẹ̀ la fi ń parí ìjà láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ẹni tó bá kọ ọ́ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ foríjì mí, kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́" ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Agbẹjọ́rò tó bá gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, inú kòtò ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá nínú ìdáhùn rẹ̀ láì gba ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Kó sẹ́ ohun tí kò ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó dárúkọ ọjọ́ àti wákàtí, kó sọ ẹni tó wà níbẹ̀, kó sì béèrè fún ìwé tàbí fídíò tí wọ́n ní àwọn rí. Bó bá jẹ́ pé torí pé ó jẹ́ obìnrin, tàbí torí pé ó lóyún, tàbí torí pé ó kọ̀ fún ọ̀gá, ni wọ́n fi dojú ẹ̀sùn kọ ọ́, inú ìdáhùn yẹn náà ni kó ti sọ ọ́. Kó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ náà máa mú dání, pẹ̀lú ọjọ́.

Ìwé mìíràn wà tó léwu ju kúérì lọ: èyí tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. "Kọ ọ́, kí orúkọ rẹ má bàa bàjẹ́" ni wọ́n máa ń wí. Ilé ẹjọ́ mọ̀ pé wọ́n lè fipá mú èèyàn kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì lè kà á sí pé ńṣe ni wọ́n lé e. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n fipá mú òun, ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ nínú yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, ó sàn kí wọ́n lé e ju kó lé ara rẹ̀ lọ.

Kí agbẹjọ́rò tó lè sọ ohun tí ẹjọ́ lè mú wá, yóò béèrè irú iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe. Ìbéèrè yìí ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé òfin tí ìjọba ṣe ló sọ bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n síṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe lè dá wọn dúró. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́nfáàmù ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ìwòsàn yunifásítì náà, tó ní ẹ̀ka ní Ifẹ̀ àti ní Wesley Guild n'Íléṣà, àti òṣìṣẹ́ ìjọba lábẹ́ àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Láti inú ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ọdún 1981 àti 1985 ló ti dúró ṣinṣin pé bí wọn kò bá tẹ̀lé ìlànà òfin yẹn ní ẹsẹẹsẹ, ìlélọ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀: ilé ẹjọ́ lè dá ẹni náà padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san owó oṣù tó ti wọlẹ̀ fún un.

Tíṣà ilé ìwé aládàáni, akáwó báǹkì kékeré, òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti ti ilé iṣẹ́ aládàáni kò ní àǹfààní yẹn. Ilé ẹjọ́ kì í sábà fi òṣìṣẹ́ lé ọ̀gá tí kò fẹ́ ẹ mọ́ lọ́wọ́, owó ló máa ń ní kí wọ́n san. Látijọ́, owó àkókò ìkìlọ̀ nìkan ni. Òfin Iṣẹ́, èyí tó wà fún àwọn tó ń fagbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé, sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ni ìkìlọ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ju oṣù 3 lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tó ti ṣe ọdún 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 5, oṣù kan fún ẹni tó ti ṣe ọdún 5 sókè. Ẹni tó bá ju akọ̀wé lọ, ohun tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa wò. Ní 2020, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fi hàn pé ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ (National Industrial Court) lè fún ẹni tí wọ́n lé lọ́nà àìtọ́ ní owó gbà-má-bínú tó kọjá owó ìkìlọ̀. Ìyípadà ńlá nìyẹn fún ẹni tí wọ́n fi orúkọ olè lé jáde.

Ibi tí irọ́ ti sábà máa ń já ni bí wọ́n ṣe gbọ́ ẹjọ́ náà. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, ohun tí abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sì dá lé nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn náà ní kedere. "O hùwà tí kò bójú mu" kò tó, kí ni, níbo, nígbà wo? Wọ́n gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ náà láyè láti fèsì. Bí ìgbìmọ̀ ìbáwí bá pe ẹlẹ́rìí láti sọ̀rọ̀ lòdì sí i, ó yẹ kó wà níbẹ̀, kó sì lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án kò sì gbọ́dọ̀ jókòó láàárín àwọn tó ń dájọ́. Bó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó ní kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ òtítọ́ kan wà tí àwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn máa ń fò: kì í ṣe dandan kí ìgbìmọ̀ jókòó rárá. Ní 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pé bí wọ́n bá ti fún òṣìṣẹ́ ní kúérì, tó sì dáhùn kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀, wọ́n ti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn orí ìwé yẹn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òun nìkan ni àǹfààní tó máa ní láti sọ̀rọ̀.

Bí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ọ̀daràn ńkọ́, bí olè jíjà tàbí ayédèrú ìwé? Ní 1986, nínú ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Maiduguri, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò lè dá èèyàn lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, iṣẹ́ kóòtù nìyẹn. Àwọn ìdájọ́ tó tẹ̀ lé e ti fi kún un pé bí ohun tí wọ́n fi kan òṣìṣẹ́ bá tún jẹ́ ìwà tó lòdì sí ìlànà iṣẹ́, ọ̀gá lè bá a wí láì dúró de ọlọ́pàá. Òfin kò sì gba ọ̀gá láyè láti kàn sọ ìdí lásán: bó bá ti kọ ìdí sínú lẹ́tà ìlélọ, òun ni yóò fi ẹ̀rí ìdí náà hàn ní ilé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ akọ-n-bábo, ìyẹn kí wọ́n fìyà jẹ èèyàn torí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin, ní ọ̀nà tirẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ti irọ́. Ẹni tó bá sọ pé "n kò ṣe é" ń sọ nǹkan kan, ẹni tó bá sọ pé "ọkùnrin tó ṣe é kò jìyà" ń sọ òmíràn, ó sì lè sọ méjèèjì pa pọ̀. Ká ní obìnrin kan ń gbowó ní ilé ìtajà ńlá kan nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, owó dín, wọ́n sì lé e lọ́jọ́ kejì. Bó bá wá jẹ́ pé ní oṣù tó ṣáájú, owó dín lọ́wọ́ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n kàn ní kó san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, ìfiwéra yẹn ni ẹ̀rí. Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí wọ́n fi ohun tí wọn kì í fi jẹ ọkùnrin jẹ obìnrin, tàbí kí wọ́n fi ti obìnrin jẹ ọkùnrin. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìfọwọ́kanra kàn, tí wọn kò gbọ́ tẹnu rẹ̀ torí pé "bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣe nìyẹn", lè dúró lé abala kan náà. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lórí ìyànjẹ lẹ́nu iṣẹ́ ní 2002, ó sì fọwọ́ sí ti ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ ní 2022. Abala 254C nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ láṣẹ láti lo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn obìnrin ti gba ọ̀nà yìí, wọ́n sì ti borí. Ní 2013, ẹ̀ka Èkó ti ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n san ₦13,225,000 fún obìnrin kan tó sọ pé torí pé òun kọ̀ fún ọ̀gá òun ni wọ́n ṣe lé òun. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n lé obìnrin ọlọ́pàá kan ní Adó-Èkìtì torí pé ó lóyún láìtíì ṣègbéyàwó. Ẹ̀ka Àkúrẹ́ sọ pé ìlànà ọlọ́pàá tí wọ́n fi lé e ta ko ìwé òfin ilẹ̀ yìí, ó sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un. Kò sí ìlànà kankan tó le bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin ọlọ́pàá tó fún obìnrin lóyún.

Oyún tún yẹ ní ọ̀rọ̀ kan sí i, torí kúérì máa ń rọ̀ bí òjò lé obìnrin tó bá ti lóyún lórí, pàápàá ní ilé iṣẹ́ aládàáni. Òfin Iṣẹ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 kó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti ṣiṣẹ́ tó oṣù 6, ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀ tọ́ sí i ní àkókò yẹn. Kúérì tó dé lẹ́yìn tó sọ fún wọn pé òun lóyún, nígbà tí kò gba kúérì rí tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ nìkan ti ń sọ̀rọ̀ fún adájọ́.

Bí wọ́n bá pe ọlọ́pàá, kí ẹni náà má ṣe bẹ̀rù débi tí yóò fi kọ ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó kọ. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa gbà á láyè láti dákẹ́ títí tí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀. Níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, bí ó ti rí ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan tàbí kí wọ́n fún un ní béèlì. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sì sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Owó tó dín, tí ọ̀gá kàn fẹ́ kí wọ́n bá òun gbà padà, kì í ṣe iṣẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí irọ́, tó sì jàre, lè pe ẹni tó purọ́ náà lẹ́jọ́, bó bá fi hàn pé kò sí ìdí gidi fún ẹ̀sùn náà àti pé inú burúkú ló fi ṣe é. Ti ìbanilórúkọjẹ́ le díẹ̀: ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sí ọ̀gá nìkan, láìsí inú burúkú, ní ààbò òfin. Èyí tí wọ́n gbé sórí WhatsApp gbogbo òṣìṣẹ́ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ìlélọ yẹ kó lọ. Wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jáde torí pé olùpẹjọ́ gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wọlé nígbà tó jẹ́ pé ìlélọ gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìpẹjọ́ ni wọ́n ti máa béèrè fún gbogbo ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìlànà iṣẹ́, kúérì, ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ orí fóònù gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè, nítorí náà kí ẹni náà má ṣe ta fóònù yẹn, kó má sì pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀. Fún ẹni tó bá ìjọba ṣiṣẹ́, kó tètè lọ. Òfin kan wà tó fún èèyàn ní oṣù 3 péré láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́. Ní 2019 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé kò kan àdéhùn iṣẹ́, síbẹ̀ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ṣì máa ń gbé e dìde. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000 láti 2024, lè béèrè fún agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ Legal Aid Council ní Òṣogbo. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà níbi iṣẹ́ náà, kó kọ́kọ́ kàn sí wọn, torí alága ẹgbẹ́ tó bá jókòó síbi ìgbìmọ̀ ìbáwí máa ń mú kí àwọn tó ń dájọ́ ṣọ́ra.

Bí ìdájọ́ bá jáde tí kò tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn, Kòtẹ́milọ́rùn ló kù. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn òun mọ́lẹ̀ lè lọ tààrà, ẹjọ́ tó kù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ náà kọ́kọ́, ibẹ̀ náà ló sì parí sí: ẹjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kì í dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tún ìwé òfin ṣe.