Kí Ló Dé Tí Ọmọdé Inú Àwòrán Mi Fi Ń Dà Bí Àgbàlagbà?

Àwọn tí à ń kọ́ àwòrán kíkùn pọ̀ ní Àgbádárìgì ń da àwòrán kan kọ lọ́wọ́. Diego Velázquez, ayàwòrán ilẹ̀ Sípéènì, ló fi ọ̀dà olóròóró yà á lọ́dún 1659, nígbà tí Margarita Teresa, ọmọbìnrin Ọba Philip Kẹrin, wà ní ọmọ ọdún 8. Aṣọ búlúù ni ọmọ náà wọ̀. Vienna ni àwòrán náà wà lónìí. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn síbí.

Ìbéèrè: Ṣé dída iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ kì í ṣe olè?

Ìdáhùn: Rárá, bí ẹ bá ti kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sẹ́yìn rẹ̀. Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń da àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó kọ láti ìgbà ọmọdé, kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London lọ́dún 1920.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọmọ tí mo yà fi dà bí àgbàlagbà?

Ìdáhùn: Ohun tí ọkàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ máa ń yà kí ó tó ya ohun tí ojú ń rí. Bí a bá wọn orí àgbàlagbà láti àtàrí dé àgbọ̀n, agbedeméjì ni ẹyinjú wà; ṣùgbọ́n ti ọmọdé wà nísàlẹ̀ agbedeméjì, nítorí pé iwájú orí rẹ̀ gbòòrò, imú rẹ̀ kúrú, àgbọ̀n rẹ̀ sì kéré. Ẹni tí ó bá gbé ẹyinjú Margarita sókè díẹ̀ péré ti sọ ọ́ di abilékọ. Ẹ fi òwú wọn àyè tí ó wà láàárín ẹyinjú àti àgbọ̀n, kí ẹ sì dorí àwòrán méjèèjì kodò, kí ọkàn má bàa rí ojú èèyàn mọ́, kí ó lè jẹ́ ibi tí ó mọ́lẹ̀ àti ibi tí ó ṣókùnkùn nìkan ni yóò rí.

Òjìji ni ìdí kejì. Àwọn kan ń fi dúdú fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ imú àti abẹ́ ojú, ìlà bẹ́ẹ̀ sì ni a fi ń mọ ara tó ti hunjọ. Lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ tí Velázquez yà, kò sí ibi tí ènìyàn lè tọ́ka sí pé ibí ni ìmọ́lẹ̀ parí sí. Ńṣe ni ó yọ́ wọnú òjìji. Àwọ̀ ilẹ̀ àti pupa díẹ̀ tó fún un.

Ìbéèrè: Ọ̀dà mi kò gbẹ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ọ̀rinrin ọ̀sà ni?

Ìdáhùn: Òróró linseed inú ọ̀dà kì í gbẹ bí omi, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le, ìyẹn sì ń gba àkókò. Ìpele àkọ́kọ́ ni kí òróró rẹ̀ kéré jù, kí ti òkè má bàa sán. Mo fẹ́ràn ìfalẹ̀ yìí gan-an, torí òun ni ó jẹ́ kí a lè padà lọ́jọ́ kejì láti fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ rọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ká àkísà olóròóró jọ sí igun ilé: ooru tí ó ń mú jáde bí ó ti ń gbẹ lè dáná ran ara rẹ̀. Inú agolo omi tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n dáwọ́ dúró?

Ìdáhùn: Bí a bá sún mọ́ aṣọ búlúù yẹn, ojú ìlà búrọ́ọ̀ṣì lásán ni, bí a bá jìnnà sí i, ó di aṣọ tó ń dán. Nítorí náà, ẹ gbé àdàkọ yín ti ògiri, kí ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọmọ náà bá ti jẹ́ ọmọ ọdún 8 láti ibẹ̀, ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì yín.