Kí Ohùn Ìyáàlù Má Bàa Sọnù Nínú Ọkọ̀ Asáré

"Ẹ̀gbọ́n, wáàtì mélòó ló wà nínú ẹ̀?" Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wa ọkọ̀ asáré fi ń kí mi nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù l'Óṣogbo, níbi tí mo ti ń so ẹ̀rọ orin mọ́ ọkọ̀. Iye gàdàgbà tó wà níwájú páálí, 2,000 tàbí 3,000, ló ti wọ̀ wọ́n lójú. Ẹ yí páálí náà padà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RMS sí. RMS ni agbára tí áńpù, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn orin, tàbí sípíkà lè gbé láìsinmi. Iye iwájú páálí, ó lè má gbé e ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bí wọn ò bá kọ RMS síbì kankan, èmi ò ní so ó mọ́ ọkọ̀ yín.

Wáàtì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kún ariwo bí ẹ ṣe rò. Bí agbára bá di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó, ló fi lé sí i. Kí etí tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, agbára náà ní láti di bí ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìwúwo ló ń dùn mí jù. Ẹnì kan gbé Golf GTI wá bá mi, àpótí oníbọ́fà méjì, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ti kún búùtù rẹ̀ bámúbámú. Èmi àti ọmọṣẹ́ mi méjì la jọ gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin náà ní bí òun bá ń gba kọ́nà lójú ọ̀nà Iléṣà, ṣe ni ìdí ọkọ̀ ń fì. Bọ́fà oní-íńṣì 10 kan ṣoṣo, nínú àpótí tí a dé pa tí kò ní ihò, ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń kéré ju oníhò lọ, bọ́fà inú rẹ̀ sì máa ń tètè dákẹ́ nígbà tí ìlù bá dákẹ́. Oníhò máa ń dún jù ú lọ, òótọ́ ni, àmọ́ ó gba àyè.

Áńpù class D, irú èyí tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, tó bá ń tú 500 wáàtì jáde lè máa fa iná tó 45 ámpù (ampere, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) lára ọkọ̀. Irú kejì, class AB, a fà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń sọ púpọ̀ nínú iná náà di ooru. Átánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, kan náà ló ń bọ́ fáànù, iná iwájú, ẹ́síì àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ta ló sì ń pa ẹ́síì l'Óṣogbo lóṣù kẹta?

Níbi wáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣọ́ owó ná. Ọ̀pọ̀ wáyà tó pọ́n lójú lọ́jà, aluminium tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀: bó bá funfun nínú, kì í ṣe bàbà gidi, ó sì gbọ́dọ̀ nípọn ju bàbà lọ kó tó lè gbé iná kan náà. Ẹ jẹ́ kí fíúsì wà lórí wáyà náà, kó má jìnnà sí bátìrì ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ. Wáyà tí kò ní fíúsì, bí páànù bá ha ara rẹ̀ bó, ọkọ̀ lè gbaná. Mo ti rí i, mi ò fẹ́ rí i mọ́. Kí wáyà iná gba apá kan ọkọ̀, kí wáyà orin gba apá kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa gbọ́ "wíí" tó ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Rọ́bà tí a ń lẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀kùn, ẹ má lẹ̀ ẹ́ kún. Ìdá kan nínú mẹ́rin páànù náà ti tó láti dá gbígbọ̀n rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn tí a bá parí, orin tó ní dùndún ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sí i. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀. Bọ́fà tó bá ti bò ó mọ́lẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. A ó gbé ọkọ̀ náà jáde gba oríta Ọláìyá, a ó ti fèrèsé. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí, tí ẹ sì ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì débi tí ẹ fi mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ jíà, ibẹ̀ la ó fi í sí. Bó bá ti di gbìn-gbìn-gbìn, bọ́fà la ó rẹ̀ sílẹ̀, a ò ní fi kún ti sípíkà ilẹ̀kùn.