Méjì-Méjì Ni Wọ́n Ń Yẹ Ṣúgà Wò: Kí Oúnjẹ Tó Wọlé, àti Lẹ́yìn Tó Bá Wọlé

Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ kì í pẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Á gún ìka láàárọ̀, á wo iye tó yọ lójú ẹ̀rọ, á sì dá a padà sínú àpò rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí iye náà bá kéré, inú rẹ̀ á dùn. Bó bá pọ̀, á fajú ro, á máa ka gbogbo ohun tó ti jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé oúnjẹ wo gan-an ló gbé ṣúgà rẹ̀ sókè, kò lè sọ. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Iye kan ṣoṣo kì í sọ bí ara ṣe dé ibi tó wà.

Àyẹ̀wò méjì-méjì ló ń sọ ọ́. Kò le rárá: ẹ gún ìka kí ẹ tó fi oúnjẹ kan ẹnu, ẹ tún un gún ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, kí ẹ wá yọ iye àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Èyí tó ṣẹ́kù ni iṣẹ́ tí oúnjẹ yẹn ṣe lára yín.

Ká ní obìnrin kan wà tí kì í fi búrẹ́dì àti tíì àárọ̀ ṣeré. Ní ọjọ́ Ajé, kó tó jẹun, ẹ̀rọ rẹ̀ kọ 112. Ó jẹ búrẹ́dì funfun mẹ́ta tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, ó fi tíì oníṣúgà tì í. Nígbà tó pé wákàtí méjì, 214. Ó ti fi 102 gòkè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 109 ló bá lójú ẹ̀rọ. Ó jẹ búrẹ́dì ẹyọ kan, ẹyin sísè méjì àti tòmátì, kò sì fi ṣúgà sí tíì. Ní wákàtí méjì, 151. Ó fi 42 gòkè. Ara kan náà ni, oògùn kan náà, àga kan náà ló jókòó sí. Bó bá jẹ́ pé kó tó jẹun nìkan ló máa ń yẹ ara rẹ̀ wò, 112 àti 109 ni ì bá rí, ì bá sì gbà pé ọjọ́ méjèèjì kò yàtọ̀ síra.

Kí n tó gbàgbé: iye mílígíráàmù ṣúgà tó wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, mg/dL sì ni wọ́n ń kọ sí i lára. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń lo mmol/L. Bí tiyín bá kọ 6 tàbí 9, ẹ má fò sókè pé ṣúgà ti tán lára yín. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i ní mg/dL.

Kí ló fún búrẹ́dì mẹ́ta lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà jẹ́ bíi lítà 5. Bí ṣúgà inú rẹ̀ bá wà ní 100 mg/dL, gbogbo ṣúgà tó ń yí káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn kò ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo sì ní bíi gíráàmù 15 sítáàṣì nínú, èyí tí inú wa máa ń lọ̀ di ṣúgà. Búrẹ́dì mẹ́ta ti kó ìlọ́po mẹ́sàn-án ohun tó wà nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ wọlé nìyẹn, láàárín ìgbà díẹ̀. Lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ínsúlínì á ti tètè jáde, á ní kí ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ gba ṣúgà yẹn sọ́dọ̀. Lára alátọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ pé ínsúlínì kò sí, ó lè jẹ́ pé kò tó, ó sì lè jẹ́ pé ó wà ṣùgbọ́n ara kò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu mọ́. Ṣúgà á wá dúró sínú ẹ̀jẹ̀ bí èrò tí kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé èèyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n lára. Ṣúgà lè gun 220 kí orí má fọ́ni, kí ojú má ṣú. Àìsàn yìí mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba “ara mi le, mo mọ ohun tó bá mi lára mu” gbọ́ lẹ́nu ẹni tí kò gún ìka wò.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún, kì í ṣe ilé. Ní 1969, Richard Bernstein, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra láti ìgbà ọmọdé, fẹ́ ní ọ̀kan, àmọ́ dókítà ni wọ́n ń tà á fún. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ dókítà, orúkọ ìyàwó ni wọ́n fi rà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara rẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ó ń yí oúnjẹ àti ínsúlínì rẹ̀ padà bó ṣe ń rí i lójú ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn oníṣègùn kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó kúkú lọ kọ́ṣẹ́ dókítà fúnra rẹ̀ nígbà tó ti lé lógójì ọdún. Agídí rere wà.

Ọ̀rọ̀ wákàtí méjì yẹn máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ìgbà tí òkèlè tàbí ṣíbí àkọ́kọ́ bá kan ẹnu ni ẹ ó ti máa kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ tán. Ẹni tó bá fi ogójì ìṣẹ́jú jẹun tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí lẹ́yìn ìyẹn ti pẹ́ jù, òkè tó ń wá ti rọ̀ sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, láàárín wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni ṣúgà máa ń ga jù. Bí strip, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí lẹ́nu ẹ̀rọ, bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ tún yẹ ẹ́ wò nígbà tó bá pé wákàtí kan, ẹ ó rí bí òkè náà ṣe ga tó. Bí kò bá pọ̀, wákàtí méjì tó, kó ṣáà jẹ́ ìgbà kan náà lójoojúmọ́. Oúnjẹ tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀rá máa ń dá oúnjẹ dúró nínú ikùn, nítorí náà ohun díndín tó ní sítáàṣì lè ṣe bí ọmọlúàbí ní wákàtí méjì, kó wá yọ ìwo ní wákàtí mẹ́rin.

Ká wá sọ̀rọ̀ ọwọ́, torí ibẹ̀ ni irọ́ tó pọ̀ jù ti ń wá. Ẹ̀jẹ̀ tí strip ń fà kò tó orí abẹ́rẹ́; àwọn mìíràn kò gbà tó máíkírólítà kan. Kẹ́míkà tó wà lórí strip ń bá ṣúgà inú ẹ̀kán yẹn ṣiṣẹ́, iná mànàmáná tíntìntín kan á jáde, òun ni ẹ̀rọ sì ń wọ̀n. Ẹ wá wò ó: ẹ bó ọsàn tán, ẹ nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ẹ gún ìka. Omi ọsàn tó gbẹ mọ́ awọ ìka, tí ojú ò tilẹ̀ rí, á da ara pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò tó nǹkan yẹn. Ẹ̀rọ lè kọ 250 fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ kò ju 120 lọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ẹ sì nu ún gbẹ dáadáa, torí omi náà lè la ẹ̀jẹ̀. Bí sípíríìtì lẹ fi nu ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe àárín orí rẹ̀ tó máa ń dunni, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìka. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá yọ, ẹ sọ apá sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ fún ìka láti ìsàlẹ̀ wá, ẹ má fi tipátipá tẹ orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ohun àjọlò, kódà láàárín tọkọtaya: àrùn mẹ́dọ̀wú lè bá a wọlé. Ìgò strip gbọ́dọ̀ wà ní dídé, torí afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá tilẹ̀ pé, ẹ̀rọ ilé kì í ṣe òṣùwọ̀n wúrà. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n gbé jáde ní 2013, ISO 15197, gbà á láyè kó fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti yàrá àyẹ̀wò bí ṣúgà bá ti tó 100 mg/dL. Ibi tí ẹ̀rọ ti kọ 150, òótọ́ lè wà ní bíi 130 tàbí 175. Nítorí náà, bí oúnjẹ kan bá fi 42 gbé ṣúgà yín sókè lónìí, tó fi 51 gbé e lọ́la, kò sí ìjà níbẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmọ́ 42 àti 102, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ dán oúnjẹ kan wò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ìwọ̀n kan náà, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí ìwé wà tó to oúnjẹ dáadáa sí ọ̀tọ̀, to oúnjẹ burúkú sí ọ̀tọ̀, kí la tún ń gún ìka sí? Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Weizmann Institute ní Ísírẹ́lì gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà tọ̀sán-tòru sára èèyàn 800 fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn èèyàn náà kò ní àtọ̀gbẹ, síbẹ̀ oúnjẹ kan náà tó gbé ṣúgà ẹnìkan sókè fíofío, kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan. Ìwé ń sọ bí oúnjẹ ṣe sábà máa ń rí. Bó ṣe rí lára tiyín, ìka yín ló mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ oúnjẹ tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má tíì lé e jáde nílé. Ẹ dín in kù sí ìdajì kí ẹ tún yẹ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran tàbí ẹja kí ìrẹsì tó tẹ̀ lé e. Èyí ń dín òkè náà kù lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ jẹ odidi èso dípò omi rẹ̀. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ, torí ẹran ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lè fa ṣúgà mọ́ra kódà nígbà tí ínsúlínì kò tó. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó dín ìrẹsì kù, tó fi ẹ̀fọ́ kún un, tó tún rìn ní ọjọ́ kan náà, kò ní mọ èwo ló ṣe é.

Ibo ló yẹ kí iye náà wà? Ẹgbẹ́ àtọ̀gbẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ tí kò lóyún máa wà láàárín 80 sí 130 kó tó jẹun, kó má sì tó 180 ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ti aláboyún le jù bẹ́ẹ̀: kó má tó 95 láìtíì jẹun, kó má tó 140 ní wákàtí kan, kó má tó 120 ní wákàtí méjì. Ti arúgbó tàbí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ lè rọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí dókítà bá sọ fún yín ni kí ẹ mú.

Iye àárọ̀ ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀. Ẹ lè sùn pẹ̀lú 125, kí ẹ jí bá 150 láìjẹ nǹkan kan lóru. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, ara máa ń tú àwọn họ́mọ̀nù kan jáde tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi iye àárọ̀ dá oúnjẹ alẹ́ lẹ́bi títí ẹ ó fi yẹ oúnjẹ alẹ́ gan-an wò ní méjì-méjì. Ibà, àìsùn, ìdààmú ọkàn àti oògùn bíi prednisolone náà ń gbé ṣúgà sókè. Ọjọ́ tí ara bá ń gbóná kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò oúnjẹ.

Bí ẹ̀rọ bá kọ ohun tó kéré sí 70, ìdánwò ti parí. Ẹ mu tàbí kí ẹ jẹ ohun tó ní gíráàmù 15 ṣúgà tó ń tètè ṣiṣẹ́, bí ìdajì ife omi èso, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un yẹ̀ wò. Àwọn tó ń lo ínsúlínì tàbí oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, pàápàá bí wọ́n bá dín oúnjẹ kù tí oògùn wà níbi tó wà. Kí irú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé sítáàṣì, kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ torí nọ́ńbà ọjọ́ méjì dá oògùn dúró.

Kò pọn dandan kí ẹ máa gún ìka lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ títí ayé. Fún ẹni tí oògùn rẹ̀ kì í já ṣúgà wálẹ̀ sí abẹ́ 70, mo fara mọ́ kó fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ oúnjẹ àárọ̀ nìkan wò, ọ̀sẹ̀ kejì ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kẹta alẹ́, strip méjì lóòjọ́. Kó kọ ohun tó jẹ àti ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà méjèèjì. Àyẹ̀wò HbA1c tí dókítà ń ṣe lè sọ bí oṣù méjì sí mẹ́ta ṣe rí lápapọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ búrẹ́dì. Ẹ mú ìwé yẹn dání nígbà tí ẹ bá ń lọ rí i, ojú ìwé tí 102 àti 42 wà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí fún un.